Inú Èèpo Ọsàn Ni Òórùn Wà

Ẹ má jẹ́ kí omi ọsàn tàn yín jẹ. Dídùn wà nínú rẹ̀, kíkan náà wà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó máa ń ta sánsán nígbà tí wọ́n bá ń họ ọsàn lẹ́bàá títì, tí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ á fi mọ̀ pé ọlọ́sàn ń bẹ nítòsí kó tó fojú kàn án, inú èèpo ló ti ń jáde. Èèpo yìí kan náà la sì ń dà nù. Ẹ dé ọjà Bísí ní Adó-Èkìtì lásìkò ọsàn kẹ́ ẹ wò ó: òkìtì èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ ti họ kúrò, ó ká jọ sílẹ̀, ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Owó ni èmi máa ń rí níbẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ kéèkì ni mò ń ṣe, inú ilé ni mo sì ti ń ṣe é, ní àdúgbò Ajílósùn. Kéèkì ọjọ́ ìbí àti ti ìgbéyàwó ló ń mú owó gidi wọlé, n kò ní purọ́. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ni kéèkì gígùn tí a ń yan nínú páànù búrẹ́dì, tí a fi atalẹ̀, sínámọ́nì, kànáfùrù àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí, tí a wá da ṣúgà kíkúnná tí a fi omi ọsàn pò lé lórí. Kò ní òdòdó, kò ní ìpele. Àwọn oníbàárà mi kan ń pè é ní kéèkì alátalẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní kéèkì àgbà.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ rèé. Lóde àríyá ní Èkìtì, ẹ mọ̀ pé iyán ni olórí. Ìgbà tí iyán bá ti wọlé tán ni kéèkì tó ń kọjá láàárín tábìlì, ojú ọmọdé ni wọ́n sì fi ń wò ó. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa wo bí àwọn ìyá àti bàbá ṣe ń fi ṣíbí ha gbogbo ṣúgà orí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á wá na ìyókù sí ọmọ-ọmọ tó bá wà nítòsí. Ìyá ọkọ mi, Màmá Ìkẹ́rẹ́, tí ilé wọn kò jìnnà sí òkè Olósùnta, kò tilẹ̀ fi tiwọn bò. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n ní:

"Ìyàwó mi, ṣúgà lò ń tà ni àbí kéèkì?"

"Kéèkì ni, Mà."

"Ṣúgà ni èmi jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò bí mi nínú, nítorí mo mọ ẹnu tó sọ ọ́. Ẹnu tó ń jẹ orógbó ni, tó ń jẹ ewúro, tó ń mu àgbo láàárọ̀ láìfajúro. Ẹni tó ti bá kíkorò àti títa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, dídùn tí kò ní ohun tí yóò bá a du ipò á tètè sú u. Èmi náà wá rò ó pé bí mo bá dín ṣúgà kù, tí mo fi ohun tó ń ta sínú rẹ̀, tí mo fi ohun tó kan sórí rẹ̀, bóyá àwọn àgbà á jẹ ẹ́ tán. Atalẹ̀ kò ṣòro. Ọsàn ló gbà mí lákòókò, torí pé bí mo ṣe ń fún omi ọsàn sínú ìyẹ̀fun tó, òórùn rẹ̀ kì í yọ rárá. Iná á gbé e lọ, omi púpọ̀ á sì mú kí kéèkì wúwo.

Èèpo ló tú àdììtú náà. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ojú wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Àpò òróró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń ká èèpo ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là, a ó fún un, iná á sì bú pàrà pàrà. Òróró yẹn ló ń jó. Limonene ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa náà ń lò ó láìmọ orúkọ rẹ̀: wọ́n á sá èèpo ọsàn sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á fi dá iná igi, wọ́n á fi èéfín rẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ohun tó ń lé ẹ̀fọn lálẹ́ yìí náà ló ń mú kéèkì ta sánsán láàárọ̀.

Nítorí náà, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n bá mi họ ọsàn mọ́. Ọlọ́sàn tí mo ń bá rajà kò kọ́kọ́ gbà.

"Ìyá, ẹ bá mi yọ àwọn tó mọ́ lára, tí kò ní àpá. Ẹ má họ ọ́."

"Àǹtí oníkéèkì, ṣé èèpo lẹ fẹ́ jẹ ni?"

"Èèpo ni mo fẹ́ jẹ, Mà. Ẹ̀yin ẹ gba omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ti máa ṣa àwọn tó dán sọ́tọ̀. Ọsàn wa ní àǹfààní kan tí ti inú ilé ìtajà ńláńlá kò ní. Èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, wọ́n sábà máa ń fi ìda pa á lára kó lè pẹ́, ó sì di dandan kéèyàn fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn fọ ìda náà kúrò kó tó rín in. Tiwa, yálà láti oko Èkìtì ló ti wá tàbí láti Benue níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọsàn ti ń wá, eruku nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀. Omi tútù tó o.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo tó wà nínú ọsàn wa ni àwọ̀ rẹ̀. Ó lè gbó, kó dùn bí oyin, kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Òtútù òru ló ń sọ èèpo ọsàn di rúsúrúsú. Ní ibi tí òru ti ń tutù gan-an, bíi Spain, àwọ̀ ewé inú èèpo á parẹ́, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá hàn. Òru tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, àfi lásìkò ọyẹ́ nìkan ni a fi ń rí àwọn tó pọ́n díẹ̀. Kò bá òórùn jẹ́ rárá, ojú lásán ló ń bá jà. Obìnrin kan tí mo gbé kéèkì fún bi mí pé ewé kí ni mo gé sórí rẹ̀, ṣé efinrin ni. Láti ìgbà náà, èèpo aláwọ̀ ewé, inú kéèkì ló ń lọ. Èyí tó bá pọ́n díẹ̀, mo máa ń fi í pamọ́ fún orí rẹ̀.

Irin tí a fi ń rín ilá ni mo fi ń rín èèpo, ojú rẹ̀ tó kéré jù. Ọwọ́ á fúyẹ́. Ẹ kàn rín àwọ̀ òkè kúrò, ẹ yí ọsàn padà, ẹ tún rín ibòmíràn. Bí ẹ bá ti rí funfun, ẹ ti débi tí ó yẹ kẹ́ ẹ dúró, nítorí ara funfun yẹn korò, kíkorò rẹ̀ kì í sì í bá iná lọ. Ọsàn mímu méjì tó fún páànù kan. Tanjaríìnì ní òórùn tó ju ti ọsàn mímu lọ lójú mi, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ rọ̀, ó sì máa ń yẹ̀ lórí irin. Èyí tó bá le díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Ṣúgà ni ẹ ó kọ́kọ́ fi pàdé èèpo náà, kì í ṣe bọ́tà, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ẹ da ṣúgà sínú abọ́, ẹ da èèpo rínrín lé e, kẹ́ ẹ fi ìka fọ́ ọ mọ́ra. Hóró ṣúgà mú lẹ́nu. Á gé àpò òróró tí irin kò gé, á sì fa òróró náà mu. Láìpẹ́, ṣúgà á rin díẹ̀, á mú àwọ̀ ọsàn, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, kò sí iye ọsàn tẹ́ ẹ lè fi san án padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí èròjà. Odidi ni mo máa ń rà á, lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta èròjà. Lílọ̀ tó wà nínú agolo, ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ á sì ti lọ jìnnà. Sínámọ́nì tó wà lọ́jà wa nípọn, ó le, ó ká ẹ̀ẹ̀kan péré. Cassia ni wọ́n ń pè é, láti Éṣíà ló sì ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Ceylon, tó wá láti Sri Lanka, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ká lọ́pọ̀ ìgbà bí ẹní tí wọ́n ká dúró, ó sì rọ̀ ju cassia lọ lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rà á. Bẹ́ ẹ kò bá rí i, cassia ṣe é lò. Ọlọ tàbí ẹ̀rọ tó mú ni ó ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́, nítorí èérún rẹ̀ máa ń ha èèyàn lọ́fun.

Atalẹ̀ gbígbẹ ni mo ń lò nínú kéèkì, mi ò kì í lo tútù. Àwọn èèyàn a máa bá mi jiyàn lórí ìyẹn, pé tútù ló ní agbára. Ẹ tọ́ méjèèjì wò lẹ́yìn ara wọn, ẹ ó rí i. Nígbà tí atalẹ̀ bá gbẹ, ohun tó ń ta nínú rẹ̀ á yí padà di irú mìíràn tó tún ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì máa ń pẹ́ lọ́fun. Yàtọ̀ sí èyí, tútù ní omi púpọ̀ àti okùn. Gúúsù Kàdúná ni ọ̀pọ̀ atalẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ti ń wá. Nígbà tí àrùn kọ lu oko wọn ní 2023, owó atalẹ̀ fò sókè dé ibi tí àwa oníkéèkì kò rò. Mo dín iye tí mò ń rà kù, mi ò dín èyí tí mò ń fi sínú kéèkì kù. Àwọn àgbà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kànáfùrù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹni tí eyín ti dùn rí mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí a bá fi í há eyín, ẹ̀kẹ́ á kú tipiri. Bó ṣe ń ṣe fún eyín náà ló ń ṣe fún ahọ́n. Ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré kan tó fún odidi kéèkì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní sí ẹni tí yóò gbọ́ adùn ọsàn mọ́. Ní ti nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n máa fà lé yín lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá béèrè rẹ̀ lọ́jà, àwọn mìíràn á fún yín ní ariwo, èyí tí àwọn Igbo ń pè ní ehuru. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ariwo ti ń hù, igi rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tó ti Indonesia wá, ṣùgbọ́n òórùn wọn jọra. Èmi kò kà á sí ẹ̀tàn. Mo máa ń yan ariwo lórí iná díẹ̀, màá bó o, màá lọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú kéèkì yìí ju nọ́tímẹ́ẹ̀gì lọ. Ó ní òórùn igbó díẹ̀. Màmá Ìkẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn kàn gbàgbé ibi tí àwọn ti pàdé.

Òórùn èròjà, ọ̀rá ló ń tú u sílẹ̀ ju omi lọ. Ẹni tó bá ti din ata lórí epo mọ èyí. Nítorí náà, mo máa ń yọ ṣíbí bọ́tà méjì sọ́tọ̀, màá yọ́ ọ lórí iná kékeré, màá da gbogbo èròjà lílọ̀ náà sínú rẹ̀, màá rò ó títí òórùn rẹ̀ á fi yọ, kò sì gbọ́dọ̀ jóná. Màá gbé e kalẹ̀ kó tutù kó sì dì padà, kó tó lọ bá ìyókù bọ́tà. Bó bá gbóná wọ inú bọ́tà tó kù, yóò yọ́ ọ, bọ́tà yíyọ́ kì í sì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Òṣùwọ̀n mi rèé fún páànù tó gùn ní ínṣì 9, tó fẹ̀ ní ínṣì 5: fúláwà gíráàmù 250, ṣúgà 180, bọ́tà 180, ẹyin mẹ́rin, yógọ́ọ̀tì tí kò dùn mìlílítà 100, páúdà ìwúkéèkì (baking powder) ṣíbí kékeré méjì, iyọ̀ díẹ̀. Atalẹ̀ ṣíbí kékeré méjì, sínámọ́nì méjì, ariwo ààbọ̀, kànáfùrù ìdá mẹ́rin. Ẹ ra òṣùwọ̀n onígíráàmù, mo bẹ̀ yín. Kọ́ńgò dára fún ẹ̀wà, ṣùgbọ́n fúláwà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú kọ́ńgò àti èyí tí wọ́n kàn bù síbẹ̀, ìwọ̀n wọn kì í dọ́gba láé. Kẹ́ ẹ sì dán páúdà yín wò: ẹ bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná, bí kò bá hó ṣùà lójú ẹsẹ̀, ó ti kú, ẹ dà á nù.

Ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà ọlọ́sàn yẹn títí tí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́. Ẹyin á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú fíríìjì ló ti ń bọ̀ tààrà. Fúláwà tí ẹ ti jọ̀ pẹ̀lú páúdà àti iyọ̀ á wọlé lẹ́yìn náà, díẹ̀ díẹ̀, yógọ́ọ̀tì á máa tẹ̀ lé e. Bí fúláwà bá ti wọlé, ẹ yéé pò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Tó bá ti dàpọ̀, ó tó. Àpòjù ló ń mú kéèkì le, tí yóò máa fà bíi búrẹ́dì. Inú páànù kò gbọ́dọ̀ kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Gáàsì ni ààrò mi ń lò. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì rẹ̀ àti ooru tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ara wọn rí. Tẹmómítà kékeré kan tí mo gbé kọ́ sínú ààrò ló jẹ́ kí n mọ ìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó iye ẹyin tí ààrò aláṣejù lè bà jẹ́ láàárín oṣù kan. 170°C ni kéèkì yìí ń fẹ́, fún bí ìṣẹ́jú 55 sí wákàtí kan. Kéèkì gígùn nípọn láàárín. Bí ooru bá pọ̀ jù, èèpo òkè á ti jóná kí àárín tó jinná. Ẹni tí kò ní ààrò lè fi ìkòkò onírin ńlá tí a da yanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀ ṣe é, lórí sítóòfù tàbí èédú. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ tó mọ̀.

Orí rẹ̀ á là. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Òkè ti le kí àárín tó wú tán ni, ó sì ní láti gba ibì kan jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó là tààrà, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti bọ̀ sínú òróró fa ìlà kan sí àárín rẹ̀ kó tó wọ ààrò. Èmi fẹ́ràn kó là, ibẹ̀ ni ṣúgà ọlọ́sàn máa ń dúró sí. Igi ìgbálẹ̀ tuntun tó mọ́ ni mo fi ń gún un wò.

Àti ìgbà tó bá jáde nínú ààrò ni sùúrù ti ń parí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju aago lọ.

"Mà, ṣé kí n dà á báyìí?"

"Gbé e sókè, fọwọ́ kan ìdí rẹ̀."

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni, Mà."

"Gbé e kalẹ̀."

Òkè á ti tutù tipẹ́ kí ìdí tó tutù. Bí ìdí bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru wà láàárín, ooru yẹn á sì sọ ṣúgà di omi. Yóò ṣàn wálẹ̀, yóò wọnú kéèkì, orí á sì dán bí ẹni tó fi òróró para. Adùn rẹ̀ kò burú o. Kódà, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́: bí kéèkì bá ti jáde, màá po omi ọsàn ṣíbí ọbẹ̀ méjì mọ́ ṣúgà ṣíbí ọbẹ̀ kan, màá gún ojú kéèkì káàkiri, màá rọra da omi náà sí i nígbà tó ṣì gbóná. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Àmọ́ funfun orí rẹ̀, èyí tó máa ń gbẹ tí yóò sì fọ́ lẹ́nu, ó di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tutù. Mo sábà máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àísìn náà, ìyẹn ṣúgà funfun tó ń lọ sórí kéèkì, kò le: ṣúgà kíkúnná gíráàmù 150, omi ọsàn ṣíbí ọbẹ̀ kan ààbọ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n omi ọsàn mímu nìkan kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Nínú omi ọsàn mímu, kíkan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ti lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tó ìdá márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ṣúgà púpọ̀ báyẹn á gbé ọsàn mímu mì, á sì ku dídùn nìkan, èyí tí Màmá ń bá mi wí lé lórí. Ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́, ìdajì ọsàn mímu ni mo ń lò. Àwọn tó fẹ́ràn kó kan gan-an, ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni mo ń fi ṣe tiwọn. Èèpo tó pọ́n tí mo fi pamọ́ á wá wọ inú rẹ̀.

Ẹ máa da omi náà sí i díẹ̀díẹ̀, ní ìkán. Ṣúgà kíkúnná kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ìkán mẹ́ta péré lè sọ èyí tó nípọn di omi ẹ̀kọ. Ó nípọn tó bẹ́ ẹ bá gbé ṣíbí sókè tí èyí tó ń ṣàn padà sínú abọ́ sì dúró díẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó rì. Bí ṣúgà kíkúnná bá wọ́n, ẹ lọ ṣúgà lásán nínú bílẹ́ńdà tó gbẹ: ṣúgà gíráàmù 200, ìyẹ̀fun àgbàdo funfun ṣíbí kékeré méjì, kẹ́ ẹ jọ̀ ọ́ nígbà méjì. Èyí tí wọ́n ń tà náà ní ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ nínú, kó má bàa dì gbagidi. Ti ilé máa ń ní hóró díẹ̀ lẹ́nu. Kò yọ èmi lẹ́nu.

Ojú ọjọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Lásìkò ọyẹ́, àísìn á gbẹ kẹ́ ẹ tó yíjú padà, ẹ ò sì lè tún un ṣe mọ́. Kẹ́ ẹ gbọ́n díẹ̀ lórí omi nígbà náà, kí ó ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà òjò, pàápàá ní oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ di ọjọ́ kejì. Ṣúgà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ni. Ẹ má fi fíríìjì yanjú rẹ̀: bó bá jáde síta, òógùn á bò ó, funfun rẹ̀ á sì di àbàwọ́n. Lásìkò òjò, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an ni mo máa ń da àísìn sí i.

Mo gbé èyí tó jọ pé ó ti pé lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màmá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n fi bọ ẹ̀kọ, wọ́n jẹ ẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún gé. Èmi ń wo ṣúgà orí rẹ̀, bóyá wọ́n á ha á.

"Èyí ń ta," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ó tún kan."

"Ṣé kò dáa, Mà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wọn ló máa ń ránṣẹ́ sí mi jù. Ohun tí mo sì ti rí lọ́wọ́ wọn ni pé kéèkì yìí kì í ṣe ti ọjọ́ tí a yan án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èròjà kọ̀ọ̀kan á máa dá sọ̀rọ̀. Kànáfùrù á pariwo, atalẹ̀ á máa ta. Bó bá sun ọjọ́ kan nínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí a dì dáadáa, wọ́n á ti wọnú ara wọn, ara kéèkì á sì rọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì ni mo máa ń yan tirẹ̀. Ó lè wà níta fún ọjọ́ mẹ́rin láìbàjẹ́ bí kò bá sí ooru púpọ̀. Lásìkò òjò, ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í rà á. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní "Àǹtí, ó ń ta," wọ́n á sì gba kéèkì wẹ́wẹ́ onípáálí wọn. Mi ò bá wọn jà. Èèpo funfun àti ìyókù ọsàn tí mo ti fún tán, mo máa ń sá a sórí páànù lẹ́yìn ilé, aládùúgbò mi tó ń fi igi se àgbàdo tútù ń wá kó o fi dá iná.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí Èkó tàbí Àbújá, ẹ má da àísìn sí i nílé. Ọkọ̀ á gbọ̀n ọ́n, ooru á sì yọ́ ọ mọ́ ọ̀rá. Ẹ dì kéèkì náà sínú fóìlì nígbà tó bá tutù tán, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ẹ wọn ṣúgà kíkúnná gíráàmù 150 sínú ọ̀rá mìíràn, ẹ so ó, kẹ́ ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ọsàn mímu kan tí a kò họ sí i. Ẹni tó bá gbà á á rín èèpo díẹ̀, á fún omi rẹ̀, á pò ó nínú ife, á sì dà á sí i. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì.